Ìtàn William Carey: Orúkọ Tí Wọ́n Kọ àti Orúkọ Tí Wọ́n Fò



Ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa, bí ènìyàn bá ti mọ lẹ́tà, tó sì ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, a máa ń fún un ní ìtàn kékeré kà. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ fẹ́ràn ni ìtàn William Carey, aránbàtà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọjọ́ kan tí a ka ìtàn náà tán, màmá àgbà kan nínú kíláàsì na ọwọ́ sókè. Ó ní: «Olùkọ́, ìtàn yìí dùn. Ṣùgbọ́n ṣé ọkùnrin yìí kò ní ìyàwó ni?»

Mo wo inú ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyàwó lóòótọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni ìwé náà fi sọ̀rọ̀ rẹ̀: pé kò fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ, àti pé orí rẹ̀ dàrú lẹ́yìn náà. Ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ojú tì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn yẹn fún àwọn ènìyàn, èmi náà kò sì béèrè rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn obìnrin yìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín níbí. A ó gbé ìtàn Carey lé orí òṣùwọ̀n. A ó wo ohun tó dára nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, a ó sì wo ohun tí wọ́n fò. Ẹ má bẹ̀rù láti bi ìwé ní ìbéèrè. Ìwé kì í bínú.

Ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́

Wọ́n bí William Carey ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1761, ní abúlé Paulerspury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, kó tó di olùkọ́ ilé ìwé abúlé. Nígbà tí Carey tó nǹkan bí ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ bàtà. Bó ti ń rán bàtà ló ń kàwé. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Síbẹ̀, ó kọ́ èdè Látìnì, èdè Gíríìkì, èdè Hébérù àti èdè Faransé.

Ó di olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Moulton, lẹ́yìn náà ní ìlú Leicester. Owó ìjọ kò tó ó jẹ. Ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ó sì ń rán bàtà kún un. Ó ya àwòrán ayé ńlá kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń wo àwọn ilẹ̀ tó jìnnà, ó sì ń ro ti àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1792, ó kọ ìwé kékeré kan láti fi hàn pé iṣẹ́ àwọn Kristẹni ni láti mú ìhìnrere dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kóra jọ ní ìlú Kettering, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀. Owó tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ náà jẹ́ pọ́n-ùn 13 àti ṣílè díẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1793, Carey wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Denmark. Nínú oṣù kọkànlá, ó gúnlẹ̀ sí Calcutta, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata lónìí. Ó lo ọdún méje níbẹ̀ kí ará ilẹ̀ náà kan tó gba ìrìbọmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni Krishna Pal, káfíńtà kan, ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1800. Ní ọdún 1801, Májẹ̀mú Titun jáde ní èdè Bengali. Ní ọdún yìí kan náà, wọ́n pe Carey láti máa kọ́ni ní èdè ní ilé ẹ̀kọ́ Fort William ní Calcutta. Aránbàtà ti di olùkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1812, iná jó ilé ìtẹ̀wé wọn. Bébà, lẹ́tà irin, àti ìwé tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ túmọ̀, iná run wọ́n. Carey jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1834, odindi Bíbélì ti jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní èdè mẹ́fà, apá kan rẹ̀ sì ti jáde ní èdè mìíràn tó ju ogún lọ. Ẹni ọdún 72 ni. Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò padà síbẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ohun rere wà nínú rẹ̀ fún wa. Ó fi hàn pé ọmọ tálákà lè kọ́ ìwé, àti pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kì í ṣe òpè. Ó fi hàn pé ẹni tí iná jó iṣẹ́ rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun láti máa sọ ọ́. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló kún gbogbo inú rẹ̀.

Obìnrin tó fa ìlà sí ìwé

Orúkọ ìyàwó Carey ni Dorothy Plackett. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1781, ní ṣọ́ọ̀ṣì Piddington. Carey kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Dorothy fi nǹkan bí ọdún márùn-ún jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìgbéyàwó wá, Carey kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Dorothy kò mọ̀wé. Ó fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn, bí àgbélébùú kékeré. Àmì rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, púpọ̀ nínú yín ti tẹ̀ka rí. Wọ́n á gba ọwọ́ yín, wọ́n á fi ìka yín tọ yíǹkì, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí ẹ kò lè kà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Nítorí náà, ẹ lè lóye Dorothy ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tó ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ.

Dorothy bí ọmọ fún Carey. Ọmọbìnrin méjì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní kékeré. Ọkùnrin mẹ́ta ló kù: Felix, William àti Peter. Nígbà tí ọdún 1793 bẹ̀rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé Íńdíà ni àwọn ń lọ, oyún wà nínú rẹ̀. Dorothy kọ̀. Ó ní òun kò lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń dá a lẹ́bi. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àgbègbè tí wọ́n bí i sí jìnnà sí òkun. Ìrìn àjò náà gba oṣù márùn-ún lórí omi. Ní oṣù kejì ọdún náà gan-an, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní ààbò. Obìnrin náà ti sin ọmọ méjì, ó sì lóyún. Ta ló máa sọ fún un nínú kíláàsì wa pé ẹ̀rù tó ń bà á kò nídìí?

Carey pinnu láti lọ láìsí i. Ó mú Felix, ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ, dání. Òun àti dókítà kan tó ń jẹ́ John Thomas jọ wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé àṣẹ láti wọ ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tí Thomas jẹ ní gbèsè sì ń lé e. Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Nínú ìdádúró yẹn ni Dorothy bímọ. Ọkùnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Jabez.

Carey àti Thomas padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Wọ́n jáde. Thomas kò gbà, ó nìkan tún padà wọlé tọ̀ ọ́. Ó sọ fún un pé bí kò bá lọ, ìdílé rẹ̀ máa túká, òun á sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí ayé. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó ní òun á lọ bí Kitty, àbúrò òun, bá lè bá òun lọ. Kitty gbà. Wọ́n di ẹrù ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, wọ́n ta ohun tí wọ́n lè tà, wọ́n sì lọ. Ọmọ tuntun náà kò ju bí ọmọ oṣù kan lọ.

Ìbéèrè mi nìyí: ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rù mú, ṣé a lè sọ pé ó gbà? Nínú ìwé pélébé tí mo ń kà fún kíláàsì mi, wọ́n kọ pé ó yí ọkàn padà. Ní tèmi, wọ́n ká a mọ́ ni.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Íńdíà

Owó tí wọ́n mú dání wà lọ́wọ́ Thomas. Kò pẹ́ tó fi tán. Ìdílé náà ń ṣí láti ilé kan dé òmíràn, nínú ooru, láàárín àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ èdè wọn. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mú Dorothy àti Felix. Ní ọdún 1794, Carey rí iṣẹ́ ní Mudnabati, ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe aró. Ewé tí wọ́n ń lò níbẹ̀ dà bí ẹ̀lú tí àwọn aláró wa ń lò. Iṣẹ́ náà fún wọn ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n Kitty kò bá wọn dé ibẹ̀. Ó ti rí Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Dorothy pàdánù àbúrò tí ó tìtorí rẹ̀ gbà láti wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1794, Peter kú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Nítorí èèwọ̀ àwọn ará ibẹ̀ nípa òkú, ó ṣòro láti rí ẹni tó máa gbẹ́ sàréè, ó sì ṣòro láti rí ẹni tó máa gbé ọmọ náà lọ sin. Ọmọ kẹta tí Dorothy máa sin nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni orí rẹ̀ dàrú. Ó ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e kiri, ó ń pariwo lé e lórí níwájú ènìyàn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n kọ̀wé pé kò sí òótọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Àìsàn ni. Ní ìgbà púpọ̀, wọ́n ní láti tì í mọ́ inú yàrá. Báyìí ló wà fún nǹkan bí ọdún 12. Ó tún bí ọmọkùnrin kan, Jonathan, ní ọdún 1796, nínú àìsàn yìí.

Ẹ rántí ọjọ́ ìrìbọmi Krishna Pal ní ọdún 1800. Ọjọ́ ayọ̀ ni nínú gbogbo ìwé, ayọ̀ sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, Dorothy wà ní àtìmọ́lé nínú yàrá. John Thomas náà, ẹni tó fi ẹ̀rù mú un wá, orí tirẹ̀ ti dàrú nítorí ayọ̀ tó pọ̀ jù, wọ́n sì ti ti òun náà mọ́lé ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ orin, wọ́n sì ń gbọ́ igbe àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá sọ fún wa nípa orin láìsọ nípa igbe, ìdajì ọjọ́ náà ló fún wa.

Dorothy kú ní ìlú Serampore ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1807. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Carey fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Bí àwọn ìwé ńlá ṣe ṣe é

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú Carey, ní 1836, Eustace Carey, ọmọ arákùnrin rẹ̀, tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ayé rẹ̀. Ní ọdún 1885, George Smith kọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìwé kékeré mu nínú ìwé Smith. Lójú Smith, Dorothy jẹ́ ìyàwó tí kò yẹ ọkùnrin ńlá. Ní ọdún 1923, Pearce Carey, tó jẹ́ ọmọ ọmọ ọmọ Carey, kọ tirẹ̀. Ó di ọdún 1992 kí James Beck tó kọ odindi ìwé kan lórí Dorothy fúnra rẹ̀. Ọdún 185 ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Mo rí àṣìṣe mẹ́ta nínú bí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èkíní, wọ́n sọ àìsàn di ìwà. Ẹni tí ibà ń ṣe, a kì í sọ pé oníwà búburú ni. Ẹni tí àìsàn orí ń ṣe náà, aláìsàn ni. Nínú ìlú wa pàápàá, a máa ń ṣe àṣìṣe yìí. A máa ń sá fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, a sì máa ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀.

Èkejì, wọ́n sọ obìnrin náà di òkúta ojú ọ̀nà. Wọ́n á ní Ọlọ́run fi í dán sùúrù Carey wò. Ó dára. Ta ni wọ́n wá fi dán Dorothy wò? Ṣé ẹni tó ń jìyà gan-an kò ní ìtàn tirẹ̀ ni?

Ẹ̀kẹta, wọn kò ronú pé ẹnu kan ni àwọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Dorothy, inú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ti wá. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òǹkọ̀wé tó bá mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló rojọ́, ó yẹ kó rọra dájọ́.

Ṣé Carey wá jẹ́ ènìyàn búburú ni? Rárá. Kí a má ṣe ohun tí àwọn yẹn ṣe, kí a má kàn yí ẹ̀bi láti orí ìyàwó lọ sí orí ọkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Carey gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé Dorothy lọ sí ilé àwọn aláìsàn orí. Ó kọ̀. Ní àkókò yẹn, bí wọ́n ti ń ṣe sí àwọn aláìsàn níbẹ̀ burú púpọ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ sílé títí tó fi kú. Ìyẹn tóbi.

Ṣùgbọ́n ó tún jẹ̀bi, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ó ti pinnu ìrìn àjò náà kó tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà láìsí ìtọ́ni tó tó, nítorí ìyá ń ṣàìsàn, bàbá sì wà nídìí ìwé. Hannah Marshman, ìyàwó míṣọ́nnárì mìíràn, ló rí wọn tó ṣàánú wọn. Òun àti William Ward, òǹtẹ̀wé, ló ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó dúró. Tí a bá fi gbogbo èyí kún ìtàn Carey, kò sọ ọ́ di kékeré. Ó sọ ọ́ di ènìyàn tí a lè mọ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí

Kì í ṣe Dorothy nìkan ni wọ́n fò. Wọ́n máa ń sọ pé Carey túmọ̀ Bíbélì, Carey tẹ ìwé. Ẹ jẹ́ ká béèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ ìwé?

Ní ayé ìgbà náà, kí ẹ̀rọ tó lè tẹ ìwé ní èdè kan, alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí orí irin. Lẹ́tà èdè Bengali pọ̀ ju tiwa lọ, ó sì nira láti gbẹ́. Ọkùnrin tó gbẹ́ wọn ní Serampore ni Panchanan Karmakar, ará ilẹ̀ náà, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ó ti bá Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Charles Wilkins ṣe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1778, nígbà tí Carey ṣì ń kọ́ iṣẹ́ bàtà. Nígbà tí Panchanan kú ní nǹkan bí ọdún 1804, Manohar, ọkọ ọmọ rẹ̀, gba iṣẹ́ náà. Ward ló ń darí ilé ìtẹ̀wé. Láìsí àwọn wọ̀nyí, inú àpótí ni ìwé Carey ì bá wà.

Èdè náà ńkọ́? Ẹni tó kọ́ Carey ní èdè Bengali ni Ram Ram Basu. Carey kò tíì gbọ́ èdè náà nígbà tó gúnlẹ̀. Ọkùnrin yìí ló ń sọ fún un pé báyìí ni a ń wí, báyìí kọ́ ni a ń wí. Ní ọdún 1801, ó kọ ìwé tirẹ̀ nípa ọba kan, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ ilẹ̀ náà kọ ní èdè náà tí ẹ̀rọ sì tẹ̀. Ní Fort William, Mrityunjay Vidyalankar, ọ̀mọ̀wé ńlá nínú èdè Sanskrit, ló ń jókòó ti Carey. Ní àwọn èdè tí Carey kò gbọ́ dáadáa, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí ìkánjú àti nítorí pé èdè náà pọ̀, àwọn kan nínú ìtumọ̀ wọ̀nyẹn kò dán, àwọn mìíràn sì ní láti tún wọn ṣe lẹ́yìn náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísun opó. Nígbà náà, ní àwọn ibì kan ní Íńdíà, wọ́n máa ń sun opó láàyè pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀. Carey bá àṣà náà jà fún ọdún púpọ̀. Ìjọba fi òfin dá a dúró ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1829. Nínú ìwé pélébé mi, Carey ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n Rammohun Roy, ọmọ ilẹ̀ náà, ti kọ̀wé, ó sì ti sọ̀rọ̀ takò ó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ọdún 1818. Bentinck, gómìnà, ló fọwọ́ sí òfin náà. Ipa ti Carey ni pé ó wà lára àwọn tó jà, ó sì túmọ̀ òfin náà sí èdè Bengali. Èyí tó gbọ́n ni ká sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣe é.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ Íńdíà nìkan ni, ẹ wo Bíbélì Yorùbá. Gbogbo wa mọ orúkọ Àjàyí Crowther, ó sì tọ́ sí i. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Thomas King, ọmọ Yorùbá tó jókòó tì í nídìí iṣẹ́ náà?

Ohun tí Carey fúnra rẹ̀ wí

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé Carey fúnra rẹ̀ kò fẹ́ irú ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ó sọ fún Eustace pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìtàn ayé òun, kó kàn sọ pé òun jẹ́ ẹni tó lè máa bá iṣẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láìjáwọ́. Ó ní ẹni tó bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣe àsọdùn. Nígbà tó ń ṣàìsàn ikú, ó bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì kan, Alexander Duff, pé kí wọ́n má máa sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn òun, kí wọ́n máa sọ ti Olùgbàlà òun. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Mo tún ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí ohun tó ń lọ ládùúgbò wa. Ní ìsinsìnyí tí àwa àgbà ti ń mọ̀wé, àwọn ìjọ ń kọ ìtàn ìjọ wọn, àwọn ẹgbẹ́ ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn. Mo ti ka díẹ̀ nínú wọn. Orúkọ olùṣọ́ wà níbẹ̀, orúkọ alága wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ wà níbẹ̀. Ta ló pọn omi tí wọ́n fi po yẹ̀pẹ̀? Ta ló se oúnjẹ àwọn bíríkìlà? Ìyàwó ta ló dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ọkọ ń lọ wàásù láti abúlé dé abúlé? Ìwé kò sọ. Nígbà tí àwọn tó rántí bá kú tán, ohun tí ìwé kò sọ ti parẹ́ nìyẹn.

Ní àná, ẹni tó ń tẹ̀ka kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Lónìí, bíìkì wà lọ́wọ́ wa. Bí a bá kọ ìtàn, tí a sì tún fò àwọn kan náà tí àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ fò, kí ni ìwé tí a mọ̀ ṣe fún wa?

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka ìtàn ẹni ńlá kan, ẹ béèrè bí màmá yẹn ti béèrè. Ẹ béèrè ìyàwó rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní èdè, àti ẹni tó gbẹ́ lẹ́tà. Bí ìwé náà kò bá dáhùn, ẹ mọ̀ pé ìtàn náà kò tíì tán.

Nínú kíláàsì wa, a ṣì ń ka ìtàn William Carey. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kọ orúkọ méjì sí ojú pátákó: William Carey, Dorothy Plackett. Màmá tó béèrè ìbéèrè ní ìjọ́sí ló kọ́kọ́ da orúkọ kejì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní obìnrin náà kò lè kọ ọ́ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nítorí náà òun bá a kọ ọ́.